Ẹni tí ọmọ jí bá nílé: Iṣẹ́ alágbàtọ́ láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ewu rọ̀gbà yí ká

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ, kí aago mẹ́fà tó lù, ẹnìkan ti jí ṣáájú gbogbo wọn. Òun ni ó gbé omi kaná, òun ni ó ka iye àwọn ọmọ tí wọ́n sùn sílé, òun ni ó mọ èyí tí ó tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì àti èyí tí ó ké lójú oorun. Kì í ṣe ìyá tí ó bí wọn, kì í sì í ṣe wọ́dà tí ó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Alágbàtọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ wà láàrin ti òbí àti ti òṣìṣẹ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì rò pé kò ju kí ènìyàn se oúnjẹ, kí ó gbálẹ̀, kí ó sì ti ìlẹ̀kùn lálẹ́ lọ.

Èrò bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn ilé kan gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ti yọjú, kí wọ́n sì máa san owó táṣẹ́rẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kùn dáadáa, bẹ́ẹ̀dì tí ó mọ́ tónítóní àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kò tó láti tún ayé ọmọ tí nǹkan ti bàjẹ́ fún ṣe. Ọwọ́ ẹni tí ọmọ náà ń jí bá nílé lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ará Èkìtì, pàápàá àwọn tí wọ́n wà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ náà, láti Ìdó dé Ọyẹ́, láti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé, mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ gan-an.

Àwọn ọmọ wo ni wọ́n ń dé ibẹ̀?

Nílẹ̀ Èkìtì, bí òbí bá kú, àṣà kò fẹ́ kí ọmọ sùn síta. Àbúrò bàbá á mú ọ̀kan, ìyekan á mú òmíràn, ìyá àgbà á sì kó èyí tí ó kéré jù sọ́dọ̀. Orúkọ tí Yorùbá ń pe ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: alágbàtọ́ ni wọ́n ti ń pè é kí ilé ìtọ́jú kankan tó wà. Títí di òní olónìí, inú ẹbí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ náà ló sì ń dára fún jù lọ nínú wọn.

Síbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí okùn ẹbí máa ń já. Ìyá àgbà tí ó ń fi owó iṣu àti ẹ̀gẹ́ tọ́ ọmọ mẹ́rin lè dùbúlẹ̀ àìsàn. Bàbá lè fẹ́ ìyàwó mìíràn, kí ọmọ sì di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n lè fi ọmọbìnrin ránṣẹ́ sí ìlú ńlá láti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kí ó padà dé pẹ̀lú oyún tàbí pẹ̀lú àpá pàṣán lẹ́yìn. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n pè ní àjẹ́, tí wọ́n sì lé jáde nílé. Àwọn mìíràn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, wọ́n ti mọ igbó fà, ọlọ́pàá sì ti mú wọn rí. Òmíràn ni ẹni tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ó ni ó fipá bá a lò.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó yẹ kí a máa pè ní ọmọ òrukàn. Kárí ayé, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú ni ó ní ìyá tàbí bàbá láyé. Ohun tí wọ́n pàdánù kì í ṣe òbí nìkan. Wọ́n pàdánù ìgbẹ́kẹ̀lé pé àgbàlagbà lè sọ ohun kan kí ó sì ṣe é. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni alágbàtọ́ ń bá wọn wá, òun ló sì ṣòro jù láti rí.

Ọ̀nà méjì tí ó ti wà tipẹ́

Láti ìgbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti dé ilẹ̀ Yorùbá ni èrò méjì ti ń bá ara wọn jà lórí wọn. Èrò kan sọ pé ọmọ tí ó ṣìnà nílò olùṣọ́, èkejì sọ pé òbí ni ó nílò.

Ní ọdún 1925, ìjọ Ogun Ìgbàlà, ìyẹn Salvation Army, dá ilé kan sílẹ̀ ní Yábàá, ní Èkó, fún àwọn ọmọkùnrin tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ní ọdún 1941, ìjọba amúnisìn gba Donald Faulkner, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ilé àtúnṣe ìwà àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ asùnta Èkó. Ọ́fíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà náà ni ó bí ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní Wẹ́fíà lónìí. Ní ọdún 1943 ni òfin tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́ jáde. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba àpapọ̀ dá àwọn ilé àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Borstal sílẹ̀. Mẹ́ta ni ó wà, ní Kàdúná, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta. Nínú gbogbo èyí, ìró kọ́kọ́rọ́ ni ó ga jù.

Ọ̀nà kejì gba ibòmíràn wá. Ní ọdún 1949, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Hermann Gmeiner dá abúlé àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Imst, ní orílẹ̀-èdè Austria, ó sì pe ẹgbẹ́ náà ní SOS. Kò kó ọgọ́rùn-ún ọmọ sínú gbọ̀ngàn kan. Ilé kéékèèké ni ó kọ́, ó fi ìyá kan sínú ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì pín àwọn ọmọ fún wọn bí ẹni pín wọn sínú ẹbí. Ní ọdún 1973, ètò yìí dé Ìsọlọ̀, ní Èkó, lẹ́yìn èyí ni ó dé Òwu-Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Obìnrin tí ó jẹ́ ìyá níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń wọlé láàárọ̀ kí ó jáde nírọ̀lẹ́. Inú ilé kan náà ni òun àti àwọn ọmọ ń gbé.

Ní Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Erelú Adébáyọ̀ ní Ìyìn-Èkìtì. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jáde ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Òfin ọdún 2003 yìí ka ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 sí ọmọdé. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò nínú ohunkóhun tí a bá fẹ́ ṣe nípa rẹ̀. Ó kà á léèwọ̀ ní abala 11 pé kí ẹnikẹ́ni dá ọmọ lóró tàbí kí ó tẹ́ ẹ, ó sì sọ ní abala 221 pé kò sí ilé ẹjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ rán ọmọ lọ sẹ́wọ̀n tàbí kí ó ní kí wọ́n nà án lẹ́gba. Ní ti òfin, èrò kejì ni ó borí. Ṣùgbọ́n òfin kì í jí láàárọ̀ láti gbé omi kaná. Alágbàtọ́ ni yóò sọ èyí tí ó borí nínú ilé.

Iṣu tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí

Ẹ jẹ́ kí á mú ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 13, bí àpẹẹrẹ. Abúlé kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé ni wọ́n ti mú un wá, lẹ́yìn tí ó ti sùn sí ọjà àti ibùdókọ̀ fún oṣù mélòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó dé ilé ìtọ́jú, èèrà bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìrọ̀rí, iṣu sísè tí ó ti kan ni wọ́n bá níbẹ̀, àti búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta.

Alágbàtọ́ tí kò mọ iṣẹ́ yóò pe èyí ní olè. Yóò bá a wí níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bóyá kí ó tilẹ̀ fi oúnjẹ alẹ́ dù ú kí ó lè kọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ náà ń bẹ̀rù gan-an ni ó ṣe fún un yẹn: ó fi hàn án pé lóòótọ́ ni oúnjẹ lè tán nígbàkúgbà.

Alágbàtọ́ tí ó mọ iṣẹ́ mọ̀ pé ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ kì í gbàgbọ́ ní ọjọ́ kan pé ebi ti tán. Yóò palẹ̀ ohun tí ó ti bàjẹ́ mọ́ láìpariwo. Yóò wá abọ́ onídèérí kan, yóò fi búrẹ́dì tàbí ẹ̀pà sínú rẹ̀, yóò sì sọ fún ọmọ náà pé tirẹ̀ ni, pé bí ebi bá pa á lóru, kò sí ẹni tí yóò bi í. Lálẹ́ ọjọ́ kejì yóò tún fi òmíràn sí i. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí abọ́ yóò mọ́júmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ náà ni ọmọ sọ, láìla ẹnu, pé òun ti gba ilé yìí gbọ́.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn láti òkè délẹ̀. Ọmọ tí ń purọ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, èyí tí ń bú alágbàtọ́ tí ó fẹ́ràn jù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ohun tí ó kó wọn yọ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Alágbàtọ́ kì í bèèrè pé kí ló dé tí ọmọ yìí burú báyìí. Ó ń bèèrè pé kí ni ojú ọmọ yìí ti rí.

Nígbà tí ọmọ bá fárígá

Kò sí ilé tí ìjà kì í ti í ṣẹlẹ̀. Ọmọ lè fọ́ fèrèsé, ó lè gbé àga, ó lè sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà pé òun ń lọ. Nígbà náà ni a máa ń mọ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn gba iṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí alágbàtọ́ rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ bí ti ọmọ bá ṣe ń lọ sókè. Ẹnìkan ṣoṣo ni kí ó máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ń pariwo lé e lórí, yóò rò pé wọ́n fẹ́ lu òun ni. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ yòókù kúrò níbẹ̀, nítorí ojú ẹgbẹ́ ni kì í jẹ́ kí ọ̀dọ́ lè túúbá. Kí alágbàtọ́ má dí ẹnu ọ̀nà bí kò bá sí ewu ní ìta, kí ó má sì sún mọ́ ọn jù. Ìwàásù kò sí ní wákàtí yẹn. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ tán, tí ó ti mu omi, tí ó ti sùn, ìgbà náà ni wọn yóò jókòó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ọmọ sì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Nínú ilé ìtọ́jú, ọwọ́ òsì ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹgba ni wọ́n fi tọ́ àwọn, àwọn sì ya ènìyàn gidi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ nà ní àárọ̀ tí ó sì jẹun nínú abọ́ ìyá kan náà ní ọ̀sán mọ̀ pé òun ní ìyá. Ọmọ tí ó wà ní ilé ìtọ́jú kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Ẹgba tí ó bá bà á níbẹ̀ yóò bọ́ sórí èyí tí ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ewu tí ó ń bọ̀ láti inú ilé

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ dé. Ẹni burúkú tí ó fẹ́ ṣe ọmọ ní ìbàjẹ́ mọ ibi tí àwọn ọmọ tí kò ní alátìlẹ́yìn wà, ó sì lè wá gba iṣẹ́ síbẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ìlànà kan fi wà tí ó dà bí ẹni pé wọ́n le jù. Àgbàlagbà kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ mú ọmọ wọ yàrá kí ó ti ìlẹ̀kùn. Kò gbọ́dọ̀ mú ọmọ lọ sùn sí ilé tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ kan ní ẹ̀bùn ní ìkọ̀kọ̀. Bí ọmọ bá sì sọ pé òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún alágbàtọ́ ṣùgbọ́n kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Kí ó sọ pé, “Màá gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ń pa ọ́ lára, màá sọ fún ẹni tí ó lè dá a dúró, èmi àti ìwọ ni a ó sì jọ lọ.” Ọmọ lè bínú sí irú ìdáhùn yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe é níkà ti kọ́kọ́ kọ́ ọ láti pa àṣírí mọ́. Kò yẹ kí alágbàtọ́ fi kún un.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà lára ààbò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sílé lówùúrọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń wọlé: ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, oògùn tí wọ́n lò, ẹni tí ó sunkún, àti ohun tí wọ́n sọ fún un. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí dáadáa. Lábẹ́ ìlànà ọdún 2015 tí wọ́n ń lò níbẹ̀, wọn yóò wo àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn ẹni kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá gbà gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ náà láàrin ọdún méjì. Bí òṣìṣẹ́ bá sì di ọmọ mú nítorí kí ó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láàrin wákàtí 24. Àjọ Ofsted ń wá wo gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ìkà ṣì ń jáde láti àwọn ilé kan níbẹ̀. Bí ó bá rí báyìí níbi tí ìlànà ti pọ̀, kí ni ká wá sọ nípa ibi tí kò ti sí ẹni tí ń wò?

Bí ọ̀kan ṣe ń lọ, tí òmíràn ń bọ̀

Ìṣòro tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn tí ń ṣe é kì í pẹ́ níbẹ̀. Owó kéré, alẹ́ gùn, àwọn ọmọ sì máa ń bu ènìyàn jẹ, ní tòótọ́ àti lọ́rọ̀ ẹnu. Ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ mìíràn yóò lọ. Lójú ọ̀gá, òṣìṣẹ́ kan ló lọ. Lójú ọmọ, ìyá mìíràn ló tún já òun jù sílẹ̀.

Ìwádìí kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 ní Bucharest, olú ìlú Romania, jẹ́ kí èyí yé ni. Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah tẹ̀ lé ọmọ kéékèèké 136 tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú ìjọba. Wọ́n pín wọn sí méjì: wọ́n fi ìdajì sọ́dọ̀ àwọn ìdílé alágbàtọ́, ìdajì yòókù ń bá ìtọ́jú tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n lọ sínú ìdílé ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ ní ọgbọ́n orí àti ní fífi ọkàn tán ènìyàn, pàápàá àwọn tí wọ́n kúrò kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà kò fún àwọn ọmọ lóúnjẹ. Àwọn ọmọ pọ̀ ju àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ojú tí ó gbé wọn láàárọ̀ kọ́ ni ó gbé wọn lálẹ́, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Nítorí náà, ilé tí ó bá fẹ́ ṣe dáadáa yóò kọ́kọ́ wá bí àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ yóò ṣe pẹ́. Owó tí ó tó jẹun, ọjọ́ ìsinmi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà, àti ẹnìkan tí àwọn náà lè bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn alẹ́ tí kò rọgbọ, kì í ṣe ojú rere ni. Ara ìtọ́jú àwọn ọmọ ni. Bí ẹnìkan bá sì gbọ́dọ̀ lọ, kí ó sọ fún àwọn ọmọ fúnra rẹ̀, kí ó dágbére, kí ó má kàn pòórá bí àwọn ti àtẹ̀yìnwá.

Ọ̀nà tí ó padà sílé

Ilé ìtọ́jú kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ọmọ máa gbé títí ayé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí. Ìlànà náà sọ pé òṣì nìkan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí tí a ó fi mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n bí i. Ìtumọ̀ èyí ní Èkìtì kò ṣòro: bí ó bá jẹ́ owó ilé ìwé àti oúnjẹ ni ó wọ́n ìyá àgbà kan ní Àyèdé tàbí ní Ìtàpájì, ìyá àgbà ni ó yẹ kí a ràn lọ́wọ́, kì í ṣe kí a gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún èyí tí ó bá ti dé ilé ìtọ́jú, alágbàtọ́ ni ó ń mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà. Nígbà tí ọmọ bá ń ṣa ẹ̀fọ́ tàbí tí ó ń fọ abọ́ ni ó máa ń mẹ́nu ba orúkọ àbúrò ìyá kan, tàbí igi kan tí ó wà níwájú ilé wọn. Bí alágbàtọ́ bá gbọ́ èdè ìlú ọmọ náà, èyí tí wọ́n ń sọ ní ìhà Ìkọ̀lé àti Ọyẹ́ tí ó yàtọ̀ sí Yorùbá inú ìwé, ọ̀rọ̀ yóò tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà yóò wá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ, yóò wo irú ẹni tí wọ́n jẹ́, yóò sì máa padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti délé.

Àwọn kan kò ní rí ilé kankan padà sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá pé ọdún 18 ni òfin kò kà wọ́n sí ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 18 wo ni ó lè dá rẹ́ǹtì san, kí ó dá oúnjẹ wá, kí ó sì dá ṣàìsàn? Kí ọjọ́ náà tó dé ni ó ti yẹ kí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ parí tàbí kí ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí ó mọ bí a ti ń se ọbẹ̀ àti bí a ti ń ná owó. Ibí ni àwọn ará ìlú lè ti wúlò. Ìyá aránṣọ ní Ìfàkì tí ó gba ọmọ kan síṣẹ́ láìgba owó, mẹkáníìkì ní Ọyẹ́ tí kò fi ibi tí ọmọ ti wá bú u, ìdílé kan ní Ìdó tí ó ń pè é wá jẹ iyán ní ọjọ́ ọdún: iṣẹ́ alágbàtọ́ ni gbogbo wọn ń bá ṣe.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ọmọ tí ó wà ní ilé ìtọ́jú ti pàdánù ọ̀pọ̀ nínú igba náà. Ó kéré tán, kí ó rí ẹnìkan tí ó jí bá lánàá, tí yóò tún jí bá lọ́la.